Páálí Búlúbẹ́rì Tó Kún Dẹ́nu: Bí Ẹ Ṣe Máa Lò Ó Tán Kí Ó Tó Bàjẹ́

Oko búlúbẹ́rì tí oníbàárà ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ já èso pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Georgia, ìkórè á ti gbóná láti ìparí oṣù karùn-ún. Ní New Jersey, ó di àárín oṣù kẹfà títí wọ oṣù keje. Ní Michigan, oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni. Owó oko sábà máa ń rọjú ju ti ilé ìtajà lọ, nítorí náà ẹni tó ní òun fẹ́ já abọ́ kan á gbé páálí kílò 4 tàbí 5 wálé. Gbàrà tó bá dé ilé, ọjọ́ ti ń lọ. Nínú gíráàmù 100 búlúbẹ́rì, bíi 84 ló jẹ́ omi, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Kò lè dúró deni bí iṣu inú àká.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀: ọjọ́ tó bá wọlé ni kí ẹ pín in. Èyí tó le lọ sí fìríìjì àti fìríìsà, èyí tó rọ̀ lọ sí orí iná. Ẹ má sì dáwọ́ lé sísè gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Fìríìsà lẹ kọ́kọ́ máa lò, torí èso tó bá ti dì lè dúró dè yín títí di ìgbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀, àní títí di ọyẹ́.

Ṣíṣà

Ẹ má jẹ́ kí páálí náà pẹ́ nínú bùútù ọkọ̀. Wákàtí díẹ̀ nínú ooru ọkọ̀ lè gé ọ̀pọ̀ ọjọ́ kúrò nínú iye ọjọ́ tí èso náà ìbá lò nínú fìríìjì. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ gbé kúlà àti yìnyín dání.

Nílé, ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀ sórí tíréè ńlá tàbí aṣọ funfun, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí i. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ wò ó dáadáa. Èyí tó dáa máa ń le lábẹ́ ìka, ó sì ní ẹ̀tù funfun fẹ́ẹ́rẹ́ lára, tí àtàǹpàkò lè nù kúrò. Àwọn kan máa ń rò pé oògùn kòkòrò ni. Ìda tí èso fúnra rẹ̀ ń sun jáde ni, òun ni kì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ tètè gbẹ. Ní òdìkejì adé kékeré orí rẹ̀ lẹ máa rí ojú ibi tó ti já kúrò lára igi. Bí ojú yẹn bá gbẹ, èso náà máa pẹ́ nílẹ̀. Bó bá tutù tàbí tó ya, ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ máa gbà wọlé.

Àwọn tó le tí wọ́n sì wà lódindi, abọ́ tiwọn nìyẹn. Àwọn tó ti rọ̀ tàbí tó ya, ṣùgbọ́n tí òórùn wọn ṣì dáa, abọ́ kejì: ọjọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì ni kí ẹ sè wọ́n. Àwọn tí ìdí wọn ṣì pupa kò tíì gbó, wọn kò sì ní dùn sí i mọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti já wọn. Ẹ má dà wọ́n nù o. Èso tí kò gbó tán máa ń kan, ó sì ní pẹ́kítìn, ohun tó ń mú jáàmù dì, ju èyí tó ti gbó lọ. Inú ìkòkò jáàmù ló ti wúlò. Èyí tó bá ti bu, tó ní irun funfun bí òwú, tàbí tó ń rùn bí ọtí, ẹ dà á nù, kí ẹ sì yẹ gbogbo èyí tó fara kàn án wò.

Ẹ má fọ ọ̀kankan níbi tí iṣẹ́ dé yìí. Omi á bó ìda ara rẹ̀, á sì wọ ojú ibi tó ti já. Láàárín ọjọ́ méjì, ebu ti dé. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ tàbí tí ẹ bá fẹ́ sè é ni kí ẹ fi omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ṣan án.

Bí páálí bá jẹ́ kílò 4.5, ìpín tó máa ń bá ìdílé mu nìyí: gíráàmù 700 fún jíjẹ tútù, kílò 2 fún fìríìsà, kílò 1 fún jáàmù, kí ìyókù jẹ́ ti sírọ́ọ̀pù, kéèkì tàbí gbígbẹ. Bí èyí tó rọ̀ bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi kún ti orí iná.

Èyí tí ẹ máa jẹ ní tútù, ẹ tẹ́ tíṣù sí ìsàlẹ̀ abọ́ tí kò jìn, kí ẹ da èso náà sí i kó má nípọn ju ìka mẹ́ta lọ, kí ẹ dé e láìdé e pa. Ẹ gbé e sẹ́yìn fìríìjì níbi tó ti tutù jù, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ méjì-méjì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ yọ èyí tó bá ti rọ̀. Fún ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ẹ pín ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí méjì tàbí mẹ́rin, torí odindi rẹ̀ lè há ọmọ lọ́fun.

Fìríìsà

Èso tó le, tó sì gbẹ, ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ kó tó dì, awọ rẹ̀ máa ń le sí i, omi tó kù lára rẹ̀ á sì di yìnyín tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ dì í láìfọ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó.

Ẹ tẹ́ pépà tí wọ́n ń tẹ́ sínú páànù kéèkì sórí tíréè pẹlẹbẹ, kí ẹ da búlúbẹ́rì sí i ní ìpele kan ṣoṣo, kí ọ̀kan má gun èkejì. Ẹ gbé e sínú fìríìsà fún wákàtí mẹ́rin, tàbí kó sùn síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbọn tíréè tó ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́, ó ti tó. Ẹ yára dà á sínú ọ̀rá fìríìsà tó nípọn, ife méjì-méjì, ìyẹn bíi gíráàmù 300 nínú ọ̀rá kan. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì kọ oṣù àti ọdún sí i lára. Ní 18°C lábẹ́ òdo, ó máa dára fún oṣù 8 sí 12.

Ẹni tó bá fo ti tíréè, tó da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan náà, á bá bíríkì kan níbẹ̀, òòlù ni yóò sì fi fọ́ ọ. Bí yìnyín funfun bá wá pọ̀ nínú ọ̀rá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, tàbí kí ilẹ̀kùn fìríìsà máa ṣí jù. Èso náà kò tíì di májèlé. Adùn rẹ̀ ló dín kù, ẹ lò ó fún sírọ́ọ̀pù.

Èso tó ti dì kì í le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ bó bá yọ́, torí yìnyín ti ya inú rẹ̀. Ẹ má yọ́ ọ fún kéèkì. Ẹ da á sínú àpòpọ̀ fúláwà rẹ̀ bó ṣe dì yẹn gan-an.

Jáàmù

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kọsẹ̀, torí náà a ó fara balẹ̀. Ohun tí ẹ nílò ni búlúbẹ́rì kílò 1 (kí bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ èyí tí kò gbó tán), ṣúgà gíráàmù 600, àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù ṣíbí ìjẹun 4, ìyẹn mílílítà 60. A fẹ́ràn lẹ́mọ́ọ̀nù inú ìgò torí kíkan rẹ̀ kì í yí padà. Ti inú èso tútù lè kan lónìí kó má kan tó bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ó máa kún ìgò mílílítà 240 mẹ́rin tàbí márùn-ún, irú èyí tí wọ́n ṣe fún jáàmù, tí ìdérí àti òrùka rẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ìkòkò yín gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, kó lè gba lítà 5 ó kéré tán. Bó bá fẹ̀, omi á yára fẹ́ lọ, jáàmù kò sì ní pẹ́ lórí iná. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, á jóná.

1. Ẹ ki àwo pẹlẹbẹ kékeré méjì sínú fìríìsà. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìgò, kí ẹ fi wọ́n sínú omi gbígbóná títí ẹ ó fi nílò wọn.

2. Ẹ fọ búlúbẹ́rì, ẹ sẹ́ omi rẹ̀. Ẹ da ìdajì sínú ìkòkò, kí ẹ fi ìdí ife tẹ̀ ẹ́ fọ́, kí ẹ wá da ìyókù lé e pẹ̀lú omi lẹ́mọ́ọ̀nù. Ẹ sè é lórí iná tí kò le púpọ̀ fún ìṣẹ́jú 8 sí 10, títí awọ rẹ̀ á fi rọ̀. Ẹ má tíì fi ṣúgà sí i. Awọ tí ṣúgà bá bá ní líle kì í rọ̀ mọ́, ẹ óò sì máa jẹ ẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ èèpo ẹ̀wà nínú jáàmù.

3. Ẹ da gbogbo ṣúgà sí i, kí ẹ rẹ iná sílẹ̀. Ẹ máa rò ó títí ṣúgà á fi yọ́ tán. Ẹ fi ọmọrogùn wọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò: bí ó bá ṣì ń dún ṣàràṣàrà, ṣúgà ṣì wà níbẹ̀. Ṣúgà tí kò yọ́ kó tó hó ló máa ń padà di yanrìn nínú ìgò.

4. Ẹ wá koná mọ́ ọn. Ó gbọ́dọ̀ hó débi pé bí ẹ tilẹ̀ ń rò ó, híhó náà kò ní dáwọ́ dúró. Ẹ máa fi ọmọrogùn gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìsinmi. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, torí ó máa ń ta síni lára, jíjó rẹ̀ sì burú. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20, híhó rẹ̀ á yí padà: ìfófòó wẹ́wẹ́ á lọ sílẹ̀, àwọn ńlá tó ń dún pọ̀kọ̀pọ̀kọ̀ á dìde, jáàmù á sì máa dán.

5. Ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò, kó má bàa jinná kọjá ààlà nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Ẹ kán díẹ̀ sórí àwo tútù, kí ẹ dá a padà sí fìríìsà fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹ fi ìka tì í: bí ojú rẹ̀ bá hunjọ, ó ti tó. Bó bá ń ṣàn bí omi, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 2 sí i, kí ẹ lo àwo kejì. Ẹni tó ní tẹmómítà, 104°C sí 105°C ló ń wá. Ṣùgbọ́n ní ìlú tó ga bíi Denver, níbi tí omi ti ń hó ní nǹkan bíi 95°C, iye yẹn yóò dín. Ẹ kọ́kọ́ sè omi lásán kí ẹ wo iye tó fi hó, kí ẹ fi 4.5 kún un.

6. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 5, ẹ yọ fóòmù orí rẹ̀, kí ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí èso má bàa léfòó sókè nínú ìgò. Ẹ bu ú sínú ìgò gbígbóná, kí ẹ fi àyè mílímítà 6 sílẹ̀ lókè. Ẹ nu ẹnu ìgò mọ́ tónítóní, torí jáàmù díẹ̀ péré létí rẹ̀ kì í jẹ́ kó dí. Ẹ fi ìdérí tuntun sí i, kí ẹ wé òrùka rẹ̀ títí ọwọ́ á fi gbà, láìfi agbára mú un.

7. Ẹ to ìgò sínú ìkòkò ńlá tí ẹ ti tẹ́ wáyà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi gbígbóná bo ìdérí mọ́lẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ìgbà tí omi bá padà hó ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú 10. Níbi tó ga ju mítà 1,800 lọ, ìṣẹ́jú 15. Ẹ yọ wọ́n, ẹ tò wọ́n sórí tówẹ́ẹ̀lì, kí ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n fún wákàtí 12 sí 24.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín ìdérí. Bí kò bá mì, ó dí, ó sì lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọdún kan. Bó bá ń ró pẹ́-pẹ́, inú fìríìjì ni ibùgbé rẹ̀, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgò Bournvita àti ìgò mayonnaise tó kún kábínẹ́ẹ̀tì wa dára fún jáàmù inú fìríìjì, ṣùgbọ́n ẹ má sè wọ́n nínú omi báyìí. Wọn kò ṣe wọ́n fún un, wọ́n lè fọ́, ìdérí wọn kì í sì í padà dí.

Bí jáàmù kò bá dì, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì kí ẹ tó dá ẹjọ́ rẹ̀, torí pẹ́kítìn kì í yára ṣiṣẹ́ tán. Ohun tó sábà ń fà á ni ṣúgà tí ẹ dín kù, èso tó gbó jù, tàbí kí ẹ ti ìlọ́po méjì bọ ìkòkò kan. Ìkòkò tó kún jù máa ń pẹ́ kó tó gbóná tó, iná gígùn yẹn sì ń fọ́ pẹ́kítìn kó tó ṣe iṣẹ́. Bí ẹ bá ní kílò 2, ẹ sè é lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó kọ̀ tí kò dì, ẹ pè é ní sírọ́ọ̀pù, kí ẹ máa dà á sórí páńkéèkì. Èyí tó wá le jù ti jinná jù, kò sí àtúnṣe gidi fún un ju pé kí ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ dẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Ẹni tó ń ṣọ́ ṣúgà nítorí àtọ̀gbẹ, kó má gbìyànjú láti dín ti jáàmù yìí kù. Kó se gíráàmù 500 pẹ̀lú omi lẹ́mọ́ọ̀nù ṣíbí 1 àti ṣúgà ṣíbí 1 tàbí kó yọ ṣúgà kúrò pátápátá, ìṣẹ́jú 8, kó sì pín in sínú abọ́ kéékèèké fún fìríìsà. Nínú fìríìjì, ọjọ́ márùn-ún ló ní.

Sírọ́ọ̀pù, àti orí ògì

Èyí ló yá jù fún èso tó ti rọ̀. Ẹ tẹ kílò 1 fọ́, ẹ fi omi ìdajì ife sí i, kó hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má fún un pẹ̀lú agbára bí ẹ bá fẹ́ kó mọ́. Ẹ tọ́jú èèpo tó kù nínú asẹ́, ó ní iṣẹ́ níwájú. Ẹ wọn omi tó jáde: ife kan, ṣúgà ife kan. Ẹ dá a padà sórí iná, kó hó fún ìṣẹ́jú kan, ó tán. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú fìríìjì, ọdún kan nínú fìríìsà.

Lórí ògì gbígbóná, kíkan rẹ̀ àti kíkan ògì bára wọn mu gan-an. Ẹ po ògì tán, ẹ fi mílíìkì sí i, kí ẹ wá dà á sójú rẹ̀. Bí ẹ bá sè é pọ̀ mọ́ mílíìkì, ó lè dì ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́.

Kéèkì àti ohun díndín

Fún kéèkì inú ife 12: fúláwà gíráàmù 250, ṣúgà 150, baking powder ṣíbí tíì 2, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, ẹyin 2, òróró mílílítà 120, mílíìkì mílílítà 180, búlúbẹ́rì gíráàmù 220. Ẹ po àwọn tó gbẹ lọ́tọ̀, àwọn olómi lọ́tọ̀, ẹ da wọ́n pọ̀, kí ẹ rò ó níwọ̀n títí fúláwà á fi pòórá. Ẹ kọ́kọ́ bu ṣíbí kan àpòpọ̀ fúláwà lásán sínú ife kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi èso sínú ìyókù. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jókòó sísàlẹ̀ kó sì rẹ ìdí kéèkì. Ófùnù 200°C, ìṣẹ́jú 20 sí 25. Bí èso bá ti dì, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 kún un.

Ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rù nígbà tí kéèkì wọn bá ní ojú aláwọ̀ ewé yí èso ká. Kò bàjẹ́. Àwọ̀ inú awọ búlúbẹ́rì máa ń pupa níbi tó kan, a sì máa di aláwọ̀ ewé níbi tí baking soda bá ti pọ̀ jù. Ẹ lo baking powder dípò rẹ̀, tàbí kí ẹ fi yúgọ́ọ̀tì rọ́pò ìdajì mílíìkì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi odindi èso tútù sínú pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Omi inú rẹ̀ máa ń di oru gbígbóná, èso á bẹ́, òróró á sì ta síni lójú. Èyí tí ẹ ti gbẹ ni kí ẹ fi sí i. Láti gbẹ ẹ́, ẹ rì í sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí awọ rẹ̀ lè sán, ẹ yára gbé e sínú omi yìnyín, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ ìgbẹ-èso ní 57°C. Ó lè gba wákàtí 10, ó sì lè ju 20 lọ. Bí ẹ bá fo ti omi híhó yẹn, ìda ara rẹ̀ á há omi mọ́ inú, ẹ̀yìn á gbẹ, inú á sì bu. Ìgbà tó bá rí bí rẹ́sìnì, tí kò sì sí omi nígbà tí ẹ bá ya á, ó ti gbẹ. Ẹ fi sínú ìgò fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Bí omi bá sun sára ìgò, ẹ dá a padà sínú ẹ̀rọ.

Sóbò

Èèpo tó kù nínú asẹ́ sírọ́ọ̀pù ni iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí. Ẹ fi omi tútù ṣan ìṣápá pupa gbígbẹ gíráàmù 50, ẹ sè é nínú omi lítà 2 pẹ̀lú atalẹ̀ tí ẹ gún, tó tó àtàǹpàkò méjì, fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ da èèpo náà sí i, tàbí èso rírọ̀ gíráàmù 300, kó tún hó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ pa iná, ẹ dé e, kó tutù kí ẹ tó fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi ṣúgà sí i, torí èèpo náà ti mú adùn díẹ̀ wá. Ọjọ́ mẹ́ta ló ní nínú fìríìjì. Bó bá ń yọ fóòmù, tàbí tí ìdérí ìgò rẹ̀ dún fìṣì bí ẹ ṣe ṣí i, ó ti ń di ọtí, ẹ dà á nù.